Ìwé Inú Òwú Dúdú

Bí ènìyàn bá ń ká òwú, kò gbọ́dọ̀ fà á le jù, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó dẹ̀ jù. Bí ó bá le jù, yóò já nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Bí ó bá dẹ̀ jù, yóò lọ́ mọ́ra. Ohun tí a ká òwú náà lé kì í hàn sí ẹni tó ń wo òwú. Ó lè jẹ́ igi, ó lè jẹ́ pòpórò àgbàdo, ó sì lè jẹ́ ìwé. Èmi Ọmọ́níyì, télọ̀, mo ká òwú lé ìwé rí ní Adó. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ká a, ẹni tó bá mi gbé e, àti ìtìjú tó kù sí mi lára títí di òní.

Ní ọdún 1933, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìyìn. Mo ń ránṣọ, mo sì ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe. N kò lọ sí ilé-ìwé rí, nítorí bàbá mi ní oko ló nílò ọmọ, kì í ṣe síléètì. Ara maṣíìnì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Gẹ̀ẹ́sì, lára páálí abẹ́rẹ́, lára agolo òróró. Nígbà tó yá, mo ra ìwé àjákọ kan, mo sì ń tú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ bí mo ṣe ń tú maṣíìnì: kí ni ó ń ṣe, ibo ni ó ń jókòó, kí ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀, kí ni ó máa ń tẹ̀lé e. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ojú ń tì mí pé ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ohun tí àwọn ọmọdé ti mọ̀.

Ní ọjọ́ tí Monínúọlá ru maṣíìnì ìyá rẹ̀ wá fún àtúnṣe, ó fẹsẹ̀ kọ òkúta lẹ́nu ọ̀nà mi. Kí n tó ronú, ọ̀rọ̀ kan ti bọ́ lẹ́nu mi.

"Sọ́rì!"

Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì wò mí dáadáa. Ọmọ Tíṣà Bámgbóyè ni, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, òun náà sì ti jókòó ní kíláàsì dé ibi tí wọ́n ń jẹ́ kí obìnrin jókòó dé nígbà yẹn.

"Télọ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì!" ni ó wí. "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ gbé òkúta síbẹ̀ ni?"

"Rárá o. Mo bá a níbẹ̀ ni."

"Kí lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Bàbá mi ní ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó. Bí òyìnbó bá fẹsẹ̀ kọ tí ẹ wí fún un pé sọ́rì, á máa wò yín pé kí lẹ fi ṣe òun."

"Ṣùgbọ́n gbogbo Adó ló ń sọ ọ́ báyẹn."

"Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo Adó fẹ́ sọ. Òyìnbó ò ní pẹ̀lẹ́, la bá fi sọ́rì dí ihò rẹ̀."

Inú mi dùn bí ìgbà tí mo bá rí ibi tí maṣíìnì ti dákẹ́. Mo fa ìwé àjákọ mi yọ lábẹ́ aṣọ, mo sì mú pẹ́ńsù. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí ìwé náà. N kò mọ ohun tó mú mi ṣe é. Ó ṣí i, ó kà á, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lórí àpótí mi, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí ni. Bí ẹ bá ṣẹ ènìyàn, ẹ lè fi sọ pé ó dùn yín. Bí àánú ẹlòmíràn bá ń ṣe yín, ẹ lè fi sọ ọ́. Bí ẹ bá sì gbé e síwájú orúkọ nǹkan, bí ilé tàbí ẹṣin, ó di pé nǹkan náà ti rí jákujàku."

"Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta!"

"Maṣíìnì ńkọ́? Ọwọ́ kan lẹ fi ń yí i, ó ń ti aṣọ, ó ń gún abẹ́rẹ́, ó ń fa òwú."

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀ràn mi bẹ̀rẹ̀. Maṣíìnì náà kò ní àrùn kan ju ìdọ̀tí abẹ́ abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n mo ní kí ó padà wá ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tó padà wá, mo tún dá ọjọ́ mìíràn.

Ọkùnrin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bá ọmọbìnrin sọ irú ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi. Mo wá alárenà lọ. Ràṣídátù ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Àkíbù la ń pè é. Mùsùlùmí ni, onídìrí ni. Kò sí ilé tí kì í wọ̀ ní Adó, ti onígbàgbọ́ àti ti ìmàle, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í fa irun ẹni. Abẹ́ igi ọsàn kan níwájú ilé rẹ̀ ni ó ń jókòó sí, pẹ̀lú àpótí mẹ́rin tí àwọn obìnrin ń dúró dè.

"Ọmọ ta ni?" ni ó bi mí.

"Ọmọ Tíṣà Bámgbóyè."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìlárí tó fi ń ya irun fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Télọ̀, o ò kúkú ní kí n bá ọ já òṣùpá wá!"

"Ìyá Àkíbù, ẹ jọ̀ọ́."

"N óò lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ohun tí o bá ní í sọ fún ọmọ náà, ẹnu mi ni yóò gbà. N kò ní dárúkọ rẹ fún bàbá rẹ̀ títí ọmọ fi máa ṣíhùn pé òun gbà, tí ẹbí rẹ̀ á wá bèèrè. Wọn ìbáà yọ idà sí mi, n kò ní dárúkọ rẹ. Ìwọ náà ẹ̀wẹ̀, má gba ẹ̀yìn mi kọjá."

"Ẹ̀yìn yín kẹ̀? Láéláé!"

Bí mo ṣe fi ẹnu mi sọ ọ́ nìyẹn.

Oṣù márùn-ún ni Ìyá Àkíbù fi ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ó ń sọ fún mi pé ọmọ náà ń gbọ́, pé kí n ní sùúrù, pé Tíṣà ti búra pé ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ nìkan ni yóò fẹ́ ọmọ òun. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé tíṣà ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ijan-Èkìtì ti ń wá kí Bámgbóyè lọ́jọ́ Sátidé. Oorun dá lójú mi. Ọ̀rọ̀ tí ó ń ti ẹnu Ìyá Àkíbù jáde, ṣé bí Monínúọlá ṣe sọ ọ́ nìyẹn, àbí ìyá náà ló ń fi iyọ̀ sí i? Òun ńkọ́, ṣé ó mọ̀ pé mo ti lè kọ odidi lẹ́tà ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí? Bí ó bá mọ̀, ṣé kò ní dúró dè mí?

Ni mo bá kọ lẹ́tà. N kò kọ orúkọ mi sí i. Mo ká a bí ìka ọwọ́, mo sì ká òwú dúdú tí wọ́n fi ń kó irun lé e lórí, tó fi tẹ́jú láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìyá Àkíbù, ẹ bá mi fi òwú yìí kó irun Monínúọlá. Ẹ ní kí ó gba ìyókù, kí ó tú u dé ìdí."

Ó yí i wò. "Ìwọ ló ká a? Ó dán bí ẹyin. Àwọn ọkùnrin mìíràn kì í ronú kan irun obìnrin. Ọlọ́run á ṣe é ní tìrẹ." Ó sì gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìre tó sú fún mi yẹn ṣì wà létí mi.

Ẹ̀ẹ̀kejì náà lọ ní àlàáfíà. Ìyá Àkíbù fúnra rẹ̀ ló jíṣẹ́ fún mi: "Ọmọ náà ní òwú rẹ dára púpọ̀, kí o tún ká òmíràn wá." Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àṣírí tú. N kò sí níbẹ̀. Monínúọlá ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ọjọ́ Sátidé ni, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀la, àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta sì ń kó irun pẹ̀lú rẹ̀ lójúde. Orí pọ̀, òwú sì ń tán. Kí Monínúọlá tó lè na ọwọ́, Ìyá Àkíbù ti fa òwú náà dé ìdí, ìwé sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Tíṣà tó jókòó tó ń wo ìwé ìròyìn.

Tíṣà mú un, ó kà á. Ó béèrè pé, "Ta ni ó rán ọ?"

Monínúọlá ní òun rí ojú ìyá náà nígbà tó yé e. Ó wo òwú, ó wo ìwé, ó sì rọra kó ọwọ́ rẹ̀ jọ sórí itan.

"N kò mọ̀wé, Tíṣà."

"Mo ní ta ni ó fún ọ lówùú?"

Orúkọ mi wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e mì nítorí àdéhùn tó bá mi ṣe.

"Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ni," ni Tíṣà wí. "Ìwọ abiyamọ! Òwú irun lo fi ń gbé ìwé ìranù wọ ilé mi!"

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó kìlọ̀ fún àwọn ìyá ìjọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn obìnrin ìmàle náà fi ń sọ ọ́ pé onídìrí yẹn ń ṣe alágbàtà ọmọ ẹni. Àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin abẹ́ igi ọsàn ṣófo. Kò sì sẹ́ni tó fura sí mi, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé télọ̀ ò mọ̀wé.

Mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá jáde, Monínúọlá ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀, pé obìnrin tó lọ́wọ́ rere kì í pàdánù oníbàárà títí. Bí ọkàn mi bá ń jó mi, mo máa ń ṣí ìwé àjákọ mi, mo máa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sínú rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ mí lára. Bí mo bá ń lọ ra òwú, mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kí n má baà kọjá níwájú igi ọsàn náà.

Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé. Ó jókòó, ó ń ya irun ara rẹ̀.

"Télọ̀! Wá."

Mo lọ bá a. Mo la ẹnu, mo ní, "Ìyá Àkíbù, sọ́rì."

"Kí nìyẹn?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó... ó túmọ̀ sí pé ẹ má bínú."

"Kí ló dé tí o ò sọ èyí tí mo gbọ́?"

Mo gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

"Ó rọrùn lẹ́nu, àbí?" ni ó wí. Kò tilẹ̀ bínú. "Èdè tí ẹnikẹ́ni ò fi bá ọ wí rí, kò lè dùn ọ́ bí o bá ń sọ ọ́. Máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. N kò dárúkọ rẹ, n kò sì ní dá a."

Lọ́jọ́ kẹta, Monínúọlá gbé aṣọ kan wá pé kí n bá òun ṣẹ́ etí rẹ̀. Aṣọ náà kò nílò àtúnṣe kankan.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá mi," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló dá mi padà. Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, n kò lè fẹ́ ọkùnrin tí èmi ni mo bá a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀."

"Bí mo bá jẹ́wọ́, wọn ò ní fún mi."

"Bí ẹ ò bá jẹ́wọ́, bí wọ́n fún yín, n kò ní wá." Ó ká aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, mo lọ bá Ìyá Àkíbù pé kí ó bá mi lọ sílé Tíṣà. Ó ní òun kò ní wọ ilé náà mọ́ láyé. Mo ń dá lọ. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí i tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó fi àyè bí ogún ẹsẹ̀ sílẹ̀ láàárín wa.

Ìyá ìjọ méjì wà lójúde pẹ̀lú Tíṣà. Monínúọlá dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Tíṣà, èmi ni mo kọ ìwé inú òwú. Ìyá Àkíbù kò mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Tíṣà kọ́kọ́ wò mí, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ, télọ̀? Akọ̀wé ọ́fíìsì tó kọ ọ́ ló rán ọ. Dìde, má fi aṣọ rẹ gbálẹ̀."

N kò ronú rẹ̀ rí pé mo lè jẹ́wọ́ kí wọ́n má gbà mí gbọ́. Mo fa ìwé àjákọ mi yọ, mo nà án sí i. Ó gbé awò sójú. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó ṣí èkejì, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo rí i tó ń fi ìka tọ ọ̀nà tí mo gbà tú àwọn ọ̀rọ̀ náà.

"Ta ni ó kọ́ ọ?"

"Maṣíìnì ni, sà."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dé ojú ewé tí mo kọ sọ́rì sí lókè. Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀, mo ti gbàgbé. Ó ń kà á jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mo gbọ́ orúkọ mi," ni Ìyá Àkíbù wí láti ẹnu ọ̀nà. "Tíṣà, kí ló kọ nípa mi?"

Tíṣà kò fẹ́ sọ. Ó na ìwé náà sí mi. "Ìwọ ló kọ ọ́. Túmọ̀ rẹ̀ fún un."

Mo wà lórí ikùn mi, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni mo kọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ wọ́n. Èkíní, tí mo kọ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tú òwú: Ó dùn mí pé mo fi òwú yẹn rán Ràṣídátù. Èkejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: Àánú Ràṣídátù ń ṣe mí. Ẹ̀kẹta, nígbà tí àpótí ti ṣófo: Ràṣídátù ti di obìnrin jákujàku, ẹni kankan ò jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo sì fa ìlà sí ìdí ọ̀rọ̀ náà nínú ẹ̀kẹta, nítorí ibi tí ó jókòó sí nínú rẹ̀ dùn mọ́ mi.

Àwọn ìyá ìjọ dorí kodò. Monínúọlá fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu.

"Tíṣà," ni Ìyá Àkíbù wí, "ṣé ó kọ ọ́ dáadáa?"

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀," ni Tíṣà wí.

"Ó dára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìyà mi ló fi kọ́ ọ."

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Mo yí ojú kúrò lọ́dọ̀ Tíṣà, mo kọjú sí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ ní èdè Adó, bí ìyá mi ṣe máa ń fipá mú mi bẹ àgbà nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo dárúkọ ohun tí mo ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: pé mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, pé mo gba ìre lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo ń tàn án, pé mo gba ẹ̀yìnkùlé kí n má baà rí i, pé mo jókòó mo fi í ṣe àpẹẹrẹ. Iyanrìn wọ ẹnu mi. Kò sí ọ̀kan tó rọrùn níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Tíṣà ti ṣí fìlà rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ọdún méjìlélógún kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń sọ sọ́rì, ó dúró síwájú onídìrí, kò sì mọ ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. "Ìyá Àkíbù," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "mo ba orúkọ yín jẹ́. Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ni n óò ti tún un ṣe." Ó sì ṣe é ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, lójú gbogbo ìjọ.

Èmi ni ó kọjú sí kẹ́yìn. "Ní ti ìwọ, n kò ní bi ọ́ ní ìwé-ẹ̀rí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá yìí nìkan ni n óò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ nínú ilé yìí. Bí kò bá gbé e wá, má wá."

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wo ojú ọ̀nà. Àwọn obìnrin padà sábẹ́ igi ọsàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. N kò bẹ Ìyá Àkíbù pé kí ó lọ. Ẹnu wo ni n óò fi bẹ̀ ẹ́? Mo ń kí i láàárọ̀, ó ń dáhùn. Tíṣà ọ̀dọ́mọkùnrin Ijan yẹn kò sì dẹ́kun àti máa wá kí Bámgbóyè lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan ni ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí.

"Mo ń lọ sílé Tíṣà. Kí ni kí n sọ?"

Ọwọ́ mi kúrò lórí maṣíìnì. "Ẹ sọ ohun tí ẹ bá mọ̀ nípa mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó gba ọ̀nà ilé Tíṣà lọ. Monínúọlá ṣíhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti gbọ́ èyí tó burú jù, òun sì gbà.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀túnla, mo gbé òwú dúdú tuntun fún Ìyá Àkíbù pé kí ó fi kó irun ìyàwó. Ó jókòó, ó gbé e sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó tú u títí ó fi dé ìdí, ó rí igi, ó rọra ká a padà, kí ó tó mú ìlárí.

Láti ìgbà náà, irun gbogbo ọmọbìnrin tí Monínúọlá bí fún mi, òun ló ń dì í, pẹ̀lú òwú tí mo ká. Kò tíì fi ìgbà kan lo ọ̀kan láìkọ́kọ́ tú u dé ìdí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi àgbà, tó ti ń lọ sí ilé-ìwé, bi í léèrè níwájú mi.

"Ìyá Àgbà, kí lẹ máa ń wá nínú òwú?"

"N kò wá nǹkan kan," ni ó wí. "Mo ń wo ohun tí bàbá rẹ ká a lé ni."

Mo tẹ orí mọ́ maṣíìnì mi, mo sì ń yí i lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.